Àṣẹ Láti Òkè

Ìwọ ọmọ ilé-ìwé tí ń ka ìwé yìí, ó dá mi lójú pé o ti gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba: "Àṣẹ láti òkè ni." Bí wọ́n bá wó ìsọ̀ obìnrin kan tí ó sì béèrè ìdí rẹ̀, àṣẹ láti òkè ni. Bí wọ́n bá ti ilé kan pa ní òwúrọ̀, tí wọ́n sì tún ṣí i ní ìrọ̀lẹ́, àṣẹ láti òkè ni. Èmi fúnra mi lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan rí láti béèrè ìwé tí mo ti san owó rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ kò bú mi, kò sì lé mi jáde. Ó kàn na ìka sókè ni. Mo gbé ojú sókè tẹ̀lé ìka rẹ̀. Fáànù ni mo rí.

Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Mo fẹ́ fi hàn ọ́ pé kì í ṣe ìdáhùn rárá, àti pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ń fi í dáhùn ti sọ òmìnira rẹ̀ nù, ó sì ti sá fún ìjíhìn ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ibi tí èmi yóò ti mú àpẹẹrẹ mi ni ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàrin òkun àti ọ̀sà ní ìlà-oòrùn Èkó, láti Lẹ́kkí títí dé Ajah, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn òkè náà ti pọ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí àwo.

Bí o bá dúró ní èbúté Badore ní ẹ̀yìn Ajah, ìwọ yóò rí ọ̀sà Èkó tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ sí ìhà Ìkòròdú. Ọkọ̀ èrò ń lọ, ó ń bọ̀; níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ni àwọn ẹ̀rọ ti ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ omi. Yanrìn náà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Òun ni wọ́n fi sọ ẹrẹ̀ àti àbàtà di ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ńláńlá dúró lé ní Lẹ́kkí. Ta ni ó ni àṣẹ lórí omi yìí? Ní 1997 ìjọba àpapọ̀, tí ó jẹ́ ti ológun nígbà náà, ṣe òfin kan tí ó fi dá àjọ NIWA sílẹ̀, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, láti máa ṣe àbójútó àwọn omi inú ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà. Ní 2008 ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe òfin tirẹ̀, ó sì dá àjọ LASWA sílẹ̀. Àjọ di méjì, omi sì jẹ́ ọ̀kan.

Kò sí ayédèrú nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òfin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wa ọkọ̀ àti ẹni tí ń fa yanrìn kò ní àpò méjì. Àjọ kìíní ní kí ó wá gba ìwé àṣẹ kí ó sì sanwó. Àjọ kejì ní kí ó wá ṣe ohun kan náà. Ní 2012 ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò àti ẹgbẹ́ àwọn tí ń fa yanrìn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó, pé kí adájọ́ sọ ẹni tí àwọn yóò máa sìn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, adájọ́ ní ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ní oṣù Keje ọdún 2017, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, ó ní ti Èkó ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ tún yí ti ìkejì padà: NIWA ni ó ni àṣẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjìlá. Ọmọ Badore tí ó wọ kíláàsì kìíní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí ó tó mọ ẹni tí ó ni àṣẹ lórí omi tí ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀.

Àwọn àgbà nínú ìmọ̀ òfin ti dájọ́, èmi kò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kíyè sí ohun tí ẹjọ́ náà dá lé lórí: ta ni yóò fún ni ní ìwé àṣẹ, ta ni yóò sì gba owó? Bí ọkọ̀ kan bá kó èrò ju bí ó ti yẹ lọ ní òru, tí kò sì sí ẹ̀wù ìdóòlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ta ni yóò jíhìn nígbà tí ó bá dojú dé? Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá ara wọn dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ lé lórí. Gbogbo ènìyàn ni ó ń du ìwé ìgbowó. Kò sí ẹni tí ń du òkú.

Kúrò létí ọ̀sà nísinsìnyí, kí o sì gòkè bọ̀ wá sí orí ilẹ̀. Níhìn-ín ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, nínú ẹjọ́ tí Èkó pe ìjọba àpapọ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kan náà dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ètò ìlú àti ilé kíkọ́. Nítorí náà, omi jẹ́ ti àpapọ̀, ètò ilẹ̀ sì jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n níbo ni omi parí sí, níbo sì ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní àdúgbò tí yanrìn inú ọ̀sà àná ti di ìpìlẹ̀ ilé lónìí?

Àwọn ará Òkun-Ajah mọ irú ìbéèrè yìí dunjú. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fa ìlà ọ̀nà etí òkun sínú ìwé tipẹ́tipẹ́. Àwọn ènìyàn ra ilẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì fi ìlà náà ṣe ààlà. Ní 2024 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ òpópónà tí yóò gùn tó 700 kìlómítà, láti Èkó títí dé Kàlàbá. Nígbà tí ọ̀nà náà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó yà kúrò lórí ìlà. Mínísítà iṣẹ́ òde sọ pé nítorí àwọn wáyà ìbánisọ̀rọ̀ tí ó gba abẹ́ òkun wọ ilẹ̀ ni. Àwọn ará àdúgbò sì ní ibi tí ìwé là sílẹ̀ ni kí ọ̀nà gbà. Ó lè jẹ́ pé Mínísítà ni ó jàre. Èmi kò lè jókòó ti tábìlì mi kí n máa wọn ilẹ̀ Òkun-Ajah. Ohun tí mo ń béèrè ni èyí: baálé ilé tí ó di ìwé ìpínlẹ̀ mú ní ọwọ́ ọ̀tún, tí ó sì rí àmì àwọn òṣìṣẹ́ àpapọ̀ lára ògiri rẹ̀ ní ọwọ́ òsì, ilé-iṣẹ́ wo ni yóò lọ tí ẹnìkan yóò ti jókòó tì í láti fi ìwé méjèèjì wé ara wọn? Bí ó bá lọ sí èyí, wọn yóò ní kí ó lọ sí tọ̀hún. Bí ó bá dé ọ̀hún, àṣẹ láti òkè ni.

Bóyá o rò pé ìjà àwọn alágbára méjì ni ó fa gbogbo rẹ̀, pé bí a bá mú ọ̀kan kúrò, àlàáfíà yóò jọba. Àwọn àgbàlagbà tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, wọ́n a máa pa òwe pé ọba kì í pé méjì láàfin. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n lò ó sí kò dára. Jẹ́ kí n fi àjọ kan tí ó ní ọ̀gá kan ṣoṣo hàn ọ́.

Àjọ tí ń ṣe àbójútó ilé kíkọ́ ní Èkó ni LASBCA. Òfin ọdún 2010 ni ó dá a sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ nìkan ni ó sì ń jẹ́ fún. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2016, ilé alájà márùn-ún kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ikate, ní Lẹ́kkí, wó lulẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ni ó kú. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ fún aráyé pé a ti fi ìwé kìlọ̀ fún àwọn tí ó ni ilé náà pé àjà rẹ̀ ti ju iye tí a fọwọ́ sí lọ, pé àjọ náà ti ti ibẹ̀ pa, ṣùgbọ́n pé wọ́n já èdìdì rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́lé wọn lọ. Dúró níbẹ̀ kí o rò ó wò. Àjọ náà rí ẹ̀ṣẹ̀. Ó kìlọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí èdìdì já ńkọ́? Ta ni ó padà lọ wò ó, ọjọ́ wo sì ni ó lọ? Ilé kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ènìyàn kò lè kọ́ àjà ilé sábẹ́ agbádá. Gbogbo ẹni tí ń gba ojú ọ̀nà náà kọjá ni ó ń rí i bí ó ti ń ga sí i.

Ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 kan wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, ní òdìkejì afárá tí ó so Ìkòyí mọ́ Lẹ́kkí. Àwọn tí ó kú lé ní 40. Ọ̀gá àgbà LASBCA sọ fún àwọn oníròyìn pé àjà 15 ni a fọwọ́ sí. Igbákejì Gómìnà ní rárá, 21 ni. Wọ́n sì dá ọ̀gá àgbà náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo ń béèrè bí olùkọ́ ìṣirò ti ń béèrè: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tàbí mọ́kànlélógún? Ìdí tí ilé fi wó lè di àríyànjiyàn, nítorí ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ àwọn ẹnjinía. Ṣùgbọ́n iye àjà tí ìjọba fọwọ́ sí wà nínú ìwé kan, nínú fáìlì kan, nínú yàrá kan tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Ì bá ṣe pé a ti kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà sójú pátákó níwájú ilé náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, obìnrin oníbúrẹ́dì tí ń kọjá ì bá kà á, ì bá gbé ojú sókè ka àwọn àjà náà, ì bá sì mọ òtítọ́ kí Gómìnà tó mọ̀ ọ́n. A fi nọ́ńbà pa mọ́ fún ìsàlẹ̀, a sì wá rí i pé òkè fúnra rẹ̀ kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ìbọn ni ewu òkè tí kò lórúkọ máa ń hàn gbangba. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ẹ̀hónú hàn sí ìwà àwọn ọlọ́pàá kóra jọ sí ibodè owó ní Lẹ́kkí. Àwọn sójà dé, ìbọn sì dún. Gómìnà ní àṣẹ òun kò ká sójà. Àwọn ọmọ ogun kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni ìròyìn náà. Nígbà tí ó tó ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó pè wọ́n. Púpọ̀ nínú yín tí ń ka ìwé yìí kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀gbọ́n tí ó mọ̀ ọ́n. Ìlú béèrè ohun kan ṣoṣo: ta ni ó rán wọn? Wọ́n ń na ìka sókè fún ìlú, ìka kan sí Abuja, ìka kan sí Alausa.

Má ṣe rò pé àwọn tí ó kọ ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò ronú kan irú ọ̀ràn báyìí. Nínú abala 215, wọ́n ní Gómìnà lè fún Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní àṣẹ tí ó bá òfin mu lórí ààbò ìlú, Kọmíṣọ́nnà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe é, ó lè béèrè pé kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Ààrẹ. Àwọn kan ń fi abala yìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó sọ Gómìnà di ajá tí kò léyín. Mo gbà pé ó ní àbùkù. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn: ó gbà pé ẹni tí a rán níṣẹ́ ní ẹnu tí ó fi lè béèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó lọ. Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Òmìnira tí mo ń wí nìyí. Kì í ṣe pé kí òṣìṣẹ́ má ní ọ̀gá. Kí ó lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, kí ẹ sì fọwọ́ sí i," nìkan ni. Èmi kò tíì rí àṣẹ burúkú tí kò bẹ̀rù kálámù.

Ẹlòmíràn yóò dìde pé, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dá àwọn àjọ wọ̀nyí sí ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá sí wọn." Rárá o. A ti rí irú èyí nínú ìtàn wa. Nígbà tí Ìbàdàn jẹ gàba lé ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lórí, wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú. Ajẹ́lẹ̀ kò bẹ̀rù ọba ìlú tí ó ń gbé. Ẹni tí ó rán an sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí igbe ìlú kò fi lè dé etí rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ tí ó ní òmìnira tó ajẹ́lẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ìwọ tí o ti kọ́ ìtàn mọ bí ó ti parí: o mọ ohun tí Fábùnmi ṣe sí ajẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí, o sì mọ ogun Kírìjí tí kò tán títí di 1893. Òmìnira tí kò jíhìn fún àwọn tí ó ń ṣèjọba lé lórí, ajẹ́lẹ̀ ni ó ń bí, ìbáà wọ agbádá, ìbáà wọ kóòtù.

Kì í sì í ṣe pé a kò mọ bí a ti ń so méjèèjì pọ̀. Inú ìwé òfin kan náà ni Olùyẹ̀wò Owó Àgbà ti ìpínlẹ̀ wà, láti abala 125 dé 127. Gómìnà ni ó ń yàn án, ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè darí rẹ̀, ìbáà ṣe Gómìnà. Gómìnà kò sì lè dá a yọ kúrò nípò bí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé Ìgbìmọ̀ kò bá bá a fọwọ́ sí i. Síbẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ìjíhìn: iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ yẹn ni ó gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wò ó bí wọ́n ti hun ún bí ẹní: okùn kan ń fà á síwájú, òmíràn ń dì í mú, kò sì já. Nígbà náà, kí ni ó dé tí ẹni tí ń ka owó ìlú fi ní ààbò yìí, tí ẹni tí ń ka àjà ilé tí ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀ kò fi ní in? Owó tí ó bá sọnù ṣeé san padà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ nínú ọkàn wọn pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni èyí. Ìwọ tí a fi ṣe olórí kíláàsì ńkọ́? Ọ̀gá àgbà ní kí o kọ orúkọ gbogbo aláriwo sílẹ̀. Olùkọ́ kan ní kí o yọ orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kúrò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní kí o má kọ ẹnikẹ́ni rárá. Ọ̀gá mẹ́ta ni ìyẹn, o kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí o bá yọ orúkọ ọmọ náà, tí àwọn tí ó jìyà sì bi ọ́ léèrè, kí ni ìwọ yóò wí? Mo gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. O ti fẹ́ na ìka sókè.

Bí o bá ń gbé ní Lẹ́kkí tàbí ní Ajah, ìwọ yóò máa rí ilé tí a fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí lára ògiri, pé kí iṣẹ́ dúró. Ní ọ̀la, nígbà tí o bá ń lọ sí ilé-ìwé, dúró díẹ̀ níwájú ọ̀kan nínú wọn. Wò ó bí orúkọ àjọ bá wà níbẹ̀, bí ọjọ́ bá wà níbẹ̀, bí ìdí rẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ka àjà ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí o sì kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, padà lọ kà á.